Gbígbin Panicum fún ewúrẹ́ àti àgùntàn ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, àti koríko Bàhámà fún ojúlé

Ẹni tó bá gba títì Ifẹ̀ sí Iléṣà nínú Oṣù Keje ti rí Panicum, bí kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: koríko gàgàrà tí ewé rẹ̀ gùn tó apá ènìyàn, tí òdòdó rẹ̀ máa ń tú yẹ́ríyẹ́rí lókè bó bá ti gbó. Àwọn ọlọ́sìn mìíràn ń pè é ní gínì gíráàsì. Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Ayé òwò ẹrú ló gbé e sọdá òkun dé Kàríbíà àti Bràsíìlì. Embrapa, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Bràsíìlì, yan irú méjì nínú èyí tí wọ́n ṣà láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì gbé wọn jáde fún àgbẹ̀: Tanzânia ní 1990, Mombaça ní 1993. Mombaça yẹn náà ni wọ́n ń kó padà wá tà fún wa nínú ọ̀rá lónìí.

Nítorí pé ó ń hù fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka gbígbìn rẹ̀ sí iṣẹ́. Wọn á rán ọmọdé lọ gé e wá létí títì, ewúrẹ́ á jẹ ṣóńṣó ewé, á fi igi rẹ̀ sílẹ̀, wọn á ní ewúrẹ́ ń ṣe fáàrí. Ewúrẹ́ kò ṣe fáàrí o. Koríko tó ti lé ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Panicum tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lè ní purotéènì ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta, ó lè já wálẹ̀ sí 5 tàbí 6, ìyẹn kò sì tó gbé ẹran ró. Ilẹ̀ kan náà, ìdí kan náà. Ọjọ́ tí a gé e àti ibi tí a gé e dé ló fi yàtọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ gígé ló máa gùn jù níhìn-ín.

Iye ẹran tí ilẹ̀ yín lè bọ́

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò kí ẹ tó gbé ọkọ́. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 15 sí 30, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 450. Lórí ilẹ̀ tó rí ajílẹ̀, ìgé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà máa ń mú bíi kílò kan koríko tútù wá lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa tó wọn kílò 20 ń jẹ bíi kílò 3 koríko tútù lóòjọ́. Ẹ pín pulọ́ọ̀tì náà sí ọ̀nà mẹ́fà, kí ẹ máa gé ọ̀nà kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi gé ẹ̀kẹfà tán, èkíní á ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bíi kílò 75 ni ẹ ó máa rí lọ́sẹ̀: ó tó ewúrẹ́ mẹ́ta, èyí tí wọn á tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà sì ti wà nínú rẹ̀.

Kò tó ewúrẹ́ mẹ́wàá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á gbin pulọ́ọ̀tì kan, wọ́n á kó ẹran mẹ́wàá lé e, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èéhù tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìdí á kú, wọ́n á ní koríko náà kò dára.

Ilẹ̀ àti èkan

Panicum fẹ́ òjò tó lé ní mílímítà 1,000 lọ́dún, Ifẹ̀ àti Iléṣà sì ń rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí ni kò fẹ́. Ní àbàtà, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, ewé á pọ́n. Ilẹ̀ pupa alámọ̀ bíi ti Ìtagúnmodì máa ń di omi àti oúnjẹ mú dáadáa, àmọ́ ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ tó bá tutù, ó sì ń le koko tó bá gbẹ, nítorí náà ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn òjò ni kí ẹ ro ó. Ilẹ̀ oníyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó pọ̀ káàkiri Ifẹ̀ rọrùn láti ro, ṣùgbọ́n òjò máa ń fọ fatiláísà inú rẹ̀ lọ kíákíá. Díẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ máa fi sí i. Panicum ń fara da ìbòjì ju ọ̀pọ̀ koríko lọ, ó sì ń ṣe dáadáa lábẹ́ ọ̀pẹ tí kò ṣú jù. Lábẹ́ kòkó tí ewé rẹ̀ ti pàdé lókè, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú.

Ewé Akíntọ́lá rọrùn láti mú kúrò: ẹ hú u, kí ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù. Èkan lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbòǹgbò funfun rẹ̀ tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ kò kọ kí ẹ gé e. Gbogbo ègé tó bá ní oríkèé ló lè hù. Ẹni tó fẹ́ lo oògùn, kí ó ṣán an, kí ó jẹ́ kó hù padà tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40, kó tutù yọ̀yọ̀, nítorí ewé tó ń dàgbà ló ń gbé oògùn lọ sí gbòǹgbò. Ewé gbígbẹ kò gbé nǹkan kan. Èyí tí wọ́n kọ glyphosate 360 sí lára ni kí ẹ wá, mílílítà 225 nínú omi lítà 15. Ẹ̀rọ àgbékọ́yìn kan yẹn tó pulọ́ọ̀tì kan. Òjò kò gbọ́dọ̀ rọ̀ sí i láàárín wákàtí mẹ́fà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà róbà, ẹ bo imú, ẹ má sì fi ike oògùn náà pọnmi láéláé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ro ilẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ oògùn lè gbẹ́ ilẹ̀ náà tó sẹ̀ǹtímítà 20 nínú Oṣù Kejì, kí ó ṣa gbòǹgbò, kí ó sá a sóòrùn, kí ó tún padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á bá a pa èyí tó kù. Iṣẹ́ agbára ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Kò nílò ebè. Ilẹ̀ pẹlẹbẹ tí a ro tó sẹ̀ǹtímítà 15 ló dára, nítorí ebè á máa dí dòjé lọ́wọ́. Tí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ìlà dábùú gẹ̀rẹ́ náà kí àgbàrá má baà kó iyẹ̀pẹ̀ lọ.

Ọmọ ni tàbí irúgbìn?

Fún pulọ́ọ̀tì kan sí mẹ́ta, ọmọ ni kí ẹ gbìn, ìyẹn èéhù tó ní gbòǹgbò tí a là kúrò lára ìdí àgbà. Irúgbìn Panicum kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó gbó á ti gbọ̀n dànù nígbà tí èyí tó wà nísàlẹ̀ ṣì tutù, nítorí náà ìyàngbò máa ń pọ̀ nínú ohun tí wọ́n bá kó. Èyí tó jẹ́ ojúlówó pàápàá máa ń sùn fún oṣù mélòó kan kó tó gbà láti hù.

Láti àárín Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹfà ni kí ẹ gbìn, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ lè gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án náà, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ìdajì oṣù yẹn, ẹ fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn á bá a kí gbòǹgbò tó wọlẹ̀.

Ẹ wá ìdí àgbà tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí kò ní àmì àrùn. Ẹ gé orí rẹ̀ kó ku sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ fi ọkọ́ hú u pẹ̀lú gbòǹgbò, kí ẹ wá fi àdá mímú là á. Ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti gbòǹgbò tirẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo máa ń kú tí oòrùn ọjọ́ mẹ́ta bá tẹ̀ léra. Àárín ìdí tó ti gbẹ, ẹ jù ú nù, etí ni kí ẹ mú. Ìdí àgbà kan máa ń mú ègé 15 sí 20 jáde. Tí ẹ bá gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí 50, pulọ́ọ̀tì kan á gba ègé 1,800, ìyẹn ìdí 90 sí 120. Tí ìlà bá jìnnà síra ní mítà kan, tí ègé sì jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 50, 900 ló máa gbà. Àwa fara mọ́ 50 sí 50 níbi tí èkan ti pọ̀ rí, nítorí kíákíá ni ewé á bo ilẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ hú u náà ni kí ẹ gbìn ín. Èyí tó bá ń dúró, ẹ kó o síbi ìbòjì, kí ẹ fi àpò tútù bò ó. Ẹ ri í wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10, kí ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ kì í mú. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo àárín ọmọ tí ẹ gé lórí: ewé tuntun á ti yọ láti inú rẹ̀ ju ojú ibi tí àdá gé lọ, aláwọ̀ ewé títàn, nígbà tí etí ewé àtijọ́ tó yí i ká ṣì gbẹ. Èyí tí àárín rẹ̀ kò bá sún rárá títí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ńlá kò lè ṣàìlo irúgbìn. Gíráàmù 200 sí 300 tó pulọ́ọ̀tì kan, tó bá jẹ́ irúgbìn tó dára. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó púpọ̀: ẹ fi èékánná tẹ hóró mélòó kan, èyí tó bá pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òfìfo ni. Ẹ ka 100 sórí bébà tútù nínú àwo oníderí, ẹ má jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ 14. Tí 40 bá hù, ó dára. Tí 20 bá hù, ẹ lo ìlọ́po méjì. Tí kò bá tó 10, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Irúgbìn tí ẹ kó fúnra yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ fún bí oṣù mẹ́fà kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ ìlọ́po mẹ́rin kó lè tàn ká, ẹ fi igi fa ìlà tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí ẹ wọ́ imọ̀ ọ̀pẹ kọjá lórí rẹ̀. Tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, kò ní yọrí.

Ẹ ro ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ tún un ro ní ọ̀sẹ̀ keje. Lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló máa bo koríko yòókù mọ́lẹ̀.

Gígé

Ìgé àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ kejìlá ló dára jù fún èyí tí a fi irúgbìn gbìn. Ewé á ti ga, ojú á máa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ọwọ́ fa ìdí kan, tó sì fẹ́ bá yín bọ̀, gbòǹgbò kò tíì tó.

Sẹ̀ǹtímítà 15 sókè ilẹ̀ ni kí ẹ ti gé e, ó lè tó 20 nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gé igi kékeré kan ní ìwọ̀n yẹn, kí ẹni tó ń gé e máa fi ti ẹ̀gbẹ́ ìdí títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Ìdí igi koríko, níbi tó ti funfun tó sì nípọn, ni oúnjẹ tó fi ń hù padà wà, ibẹ̀ náà sì ni ojú èéhù wà. Ẹni tó gé e mọ́lẹ̀ ti kó oúnjẹ náà fún ewúrẹ́ jẹ. Ó lè hù lẹ́ẹ̀kan, ó lè hù lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n tí òjò bá dáwọ́ dúró nínú Oṣù Kẹjọ bó ṣe máa ń ṣe, àárín ìdí á kú, èkan á sì gba ibẹ̀ wọlé. Dòjé mímú ni kí ẹ lò. Àdá kíkú máa ń fà á ya, á sì hú àwọn ọmọ etí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Nínú Oṣù Kẹfà àti Oṣù Kẹsàn-án tí òjò pọ̀ jù, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lè tó. Ẹ fi ara yín wọ̀n ọ́n: láàárín orókún àti ìbàdí ni. Tó bá kọjá ìbàdí tàbí tí òdòdó bá ti yọ, ẹ ti pẹ́. Ìgé ìkẹyìn ọdún wà ní ìparí Oṣù Kẹwàá. Ẹ jẹ́ kí èyí tó bá hù lẹ́yìn rẹ̀ bo ìdí títí ọyẹ́ á fi kọjá.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ da ẹran sínú rẹ̀, ẹ fi okùn tàbí ọgbà pín in. Kí wọ́n wọlé nígbà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí wọ́n jáde nígbà tó bá ku 25 sí 30, kí wọ́n má sì lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ níbì kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èéhù tuntun á ti yọ, èyí tó dùn jù nìyẹn, òun náà ni wọ́n á sì kọ́kọ́ jẹ tí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń tà á fún ẹran Iléyá, kàlẹ́ńdà ni kí ẹ wò. Iléyá ń sún sẹ́yìn ní bí ọjọ́ 10 tàbí 11 lọ́dọọdún. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn láti ọjọ́ náà, kí ẹ gé gbogbo oko lọ́jọ́ yẹn, á sì pé nígbà tí àwọn tó ra àgbò ń wá koríko. Bí Iléyá bá ti ń bọ́ sínú Oṣù Kẹrin, òjò kò ní tíì ràn yín lọ́wọ́ tó. Omi pípọn tàbí koríko tí a tọ́jú sínú dírọ́ọ̀mù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀, ló kù.

Ajílẹ̀ àti àgúnmánìyè

Nígbà tí ẹ bá ń ro ilẹ̀, ẹ da àpò ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ mẹ́sàn-án, oníkílò 25, sí pulọ́ọ̀tì kan, kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Tí kò bá sí ìgbẹ́ adìẹ, ẹ lo kílò 9 fatiláísà NPK 15-15-15, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn gbígbìn. Lẹ́yìn ìgé méjì méjì, ẹ fi kílò 4 àbọ̀ fatiláísà yúríà sí i, lórí ilẹ̀ tútù, nígbà tí ewé bá gbẹ. Yúríà tó lẹ̀ mọ́ ewé tútù máa ń jó o. Ẹ má gé e fún ẹran títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi kọjá, pàápàá tí òjò bá dá, nítorí náítíréètì tó pọ̀ jù nínú ewé lè pa ẹran. Ẹ so ẹnu àpò yúríà, kí ẹ gbé e síbi gíga. Ewúrẹ́ tó bá lá a lè kú lọ́jọ́ náà.

Koríko nìkan kò tó fún abo tó lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ gbin àgúnmánìyè, igi tí ẹran ń jẹ ewé rẹ̀ (Gliricidia), sí ààlà, ọ̀pá tó gùn tó mítà kan, ní sẹ̀ǹtímítà 50 síra. Ó di ọgbà, ó sì di oúnjẹ. Ìpín kan rẹ̀ sí mẹ́ta Panicum ni kí ẹ fún wọn. Àwọn ẹran tí kò mọ̀ ọ́n kì í fẹ́ òórùn rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó rọ fún ìdajì ọjọ́, wọn á jẹ ẹ́.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀

Ewé tó pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè lórí ilẹ̀ tí kò lómi dídúró: ebi ń pa á, ẹ fún un ní yúríà. Kòkòrò tó ń jẹ ewé, tó máa ń yọ lójijì nígbà tí òjò bá padà dé lẹ́yìn ọ̀dá: ẹ má fọ́n nǹkan kan sí i, ẹ gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ẹ fún ẹran, á hù padà. Inú ewúrẹ́ tó wú lápá òsì: koríko tútù olómi ìrì ni wọ́n jẹ lórí ebi, ẹ máa gé e lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ìbòjì fún wákàtí mẹ́ta. Ìdí tí àárín rẹ̀ ṣófo lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti darúgbó. Ẹ hú u, kí ẹ fi etí rẹ̀ tún un gbìn. Nínú Oṣù Kìíní, ẹ ro ààlà oko ní mítà mẹ́ta yíká, nítorí iná ìgbẹ́.

Koríko inú dírọ́ọ̀mù

Gbígbẹ koríko sóòrùn ṣòro níhìn-ín, nítorí pé ìgbà tí koríko dára jù ni òjò pọ̀ jù. Dírọ́ọ̀mù ike lítà 200 tí ìdérí rẹ̀ há ló rọrùn. Nínú Oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ẹ gé Panicum ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ tẹ́ ẹ fún ìdajì ọjọ́, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un. Tí omi bá kán, kò tíì tó. Tó bá tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ ṣí ọwọ́, ó ti gbẹ jù. Èyí tó bá rọra ń tú ni ẹ fẹ́.

Panicum kò ní ṣúgà púpọ̀ nínú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ló ń mú kó kan dáadáa. Ẹ bu kílò 5 èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí a lọ̀ mọ́ kílò 100 koríko. Ẹ máa dà á sí i ní ìpele ìpele, kí ẹ wọ inú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ kò fi ní rì mọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá kù ló ń mú un hu. Ẹ dé e, ẹ fi náílọ̀n àti okùn róbà so ó, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èyí tó bá dára á máa rùn bí ògì kíkan, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Èyí tó bá dúdú tó ń yọ̀, tàbí tó hu, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ máa bù ú lójoojúmọ́ láti òkè, kí ẹ sì tún dé e.

Dírọ́ọ̀mù kan ń gba kílò 100 sí 120, á sì bọ́ ewúrẹ́ mẹ́ta fún bí ọjọ́ 12. Márùn-ún á gbé wọn kọjá Oṣù Kejì àti Ìkẹta, tí í ṣe ìgbà tó le jù. Pulọ́ọ̀tì kan kò lè bọ́ ẹran mẹ́ta kó tún kún dírọ́ọ̀mù márùn-ún. Ẹ lọ gé etí títì níbi tí wọ́n ti ṣán an ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, níbi tí wọn kò ti fọ́n oògùn.

Bàhámà fún ojúlé

Panicum kì í ṣe koríko ojúlé. Bàhámà ni, èyí tó ń rá lọ lórí ilẹ̀, tí àgùntàn náà sì fẹ́ràn. Oòrùn kíkún ló fẹ́. Ẹ ṣa òkúta, ẹ ro ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó da gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé. Fún mítà onígun mẹ́rin 100, okùn rẹ̀ tó kún àpò ìrẹsì ńlá márùn-ún á tó. Ẹ gé e sí ègé tó ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ tò ó sínú ìlà tó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí oríkèé méjì wọlẹ̀, kí ọ̀kan yọrí. Ẹ bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá tí òjò kò bá rọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kó ga dé orókún, kí wọ́n tó fi àdá gé e mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á funfun, oòrùn á sì jó o. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ nígbà kan, kó máa ku sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, ní ọjọ́ méje sí mẹ́wàá nígbà òjò. Lábẹ́ máńgòrò àti lẹ́yìn ilé tí oòrùn kì í dé, ẹ má gbìn ín. Koríko kápẹ́ẹ̀tì eléwé gbàrà ni kí ẹ rì síbẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 20.